Ẹni Tó Béèrè Bóyá Ilẹ̀ Ti Mọ́

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán ni. Oòrùn ṣì ń ràn lórí páànù ilé ìwòsàn wa ní Ṣakí. Àwa tí a wà lápá yàrá ẹ́síréè ni èmi, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Sìkírà, àti ìyá rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ẹlòmíràn kan tún wà níbẹ̀. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

N kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, irọ́ tó dùn ju èyí lọ wà nílẹ̀. Ohun tí ojú mi rí, tí etí mi sì gbọ́, ni mo ń sọ. Kì í ṣe òru. Kì í ṣe ojú àlá. N kò mu ohunkóhun ju omi lọ lọ́jọ́ náà.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Ogun Bìáfírà ti parí nígbà náà, ṣùgbọ́n iná ìjọba ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Jẹnẹrétọ̀ ni ilé ìwòsàn fi ń ṣiṣẹ́.

Àwọn òbí máa ń mú ọmọ wọn wá bá mi títí di òní, wọ́n á ní kí n ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́síréè. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí ọmọ parí ìwé mẹ́wàá, kí ó mọ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì dáadáa, kí ó wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi náà dé Ìbàdàn nígbẹ̀yìn, mo ṣe ìdánwò, mo sì gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí n kì í sọ fún àwọn òbí, nítorí wọn á mú ọmọ wọn padà sílé.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Oko iṣu bàbá mi ní Agọ́-Àmọ̀dù ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí mo máa fi jókòó ní kíláàsì kìíní, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi, àwọn ọmọ kéékèèké ló sì ń yá mi ní pẹ́ńsùlù. Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá tí mo fi ojú ogbó kà, iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa fọ ilẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ẹ́síréè ti rí mi. Bàbá Aríinú ni àwọn aláìsàn ń pè é, nítorí ẹni tó ń rí inú ènìyàn ni. Ó ní kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Mo dé ilé, mo sọ fún ìyàwó mi, Àṣàkẹ́, pé n kò ní lọ. Mo ní mo ti dàgbà jù.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Àṣàkẹ́. Ó ń hun kíjìpá lórí òfì àwọn obìnrin, ara rẹ̀ kì í sì í yé rùn òórùn aró. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára òfì rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Kúdí, iṣu tó wà lábẹ́ ebè, tí ẹ ò tíì wú, ṣé ẹ kì í mọ ibi tó ta sí?"

Mo ní mo máa ń mọ̀ ọ́n.

"Kí ló wá le nínú egungun tó wà lábẹ́ ẹran?"

Kúdí ni ọmọ wa obìnrin. Orúkọ rẹ̀ ni Àṣàkẹ́ fi ń pè mí, bí àwọn ìyàwó wa ṣe ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé, mo lọ.

Àwọn tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́. Egungun ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ wọn ní gẹ̀ẹ́sì àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fara ti èkejì. Ọ̀gá mi ní àwòrán ìwé ò tó, ó ní kí n wá ènìyàn alààyè kan tí mo lè máa fọwọ́ kàn. Ọwọ́ Àṣàkẹ́ ni mo fi kọ́ ọ. Bí ó bá jókòó lẹ́yìn oúnjẹ, n ó gba ọwọ́ òsì rẹ̀, n ó máa tẹ egungun kéékèèké tó wà ní ọrùn ọwọ́, n ó máa pe orúkọ wọn. Ó rí i pé orúkọ náà ń sá mọ́ mi lọ́wọ́, ló bá fi orúkọ àwọn ẹbí mi sọ wọ́n.

"Èyí tó yọrí sóde yìí, tó ń wo ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Ìgbẹ́tì nìyẹn. Èyí tó sá pamọ́ sẹ́yìn yìí, àbúrò yín ni, ọ̀lẹ. Èyí tó gbé gbogbo wọn dání ni ìyá yín."

Ẹ gbà mí gbọ́, bí mo ṣe rántí wọn lọ́jọ́ ìdánwò ní Ìbàdàn nìyẹn.

Ìka rẹ̀ tó kéré jù ní ọwọ́ òsì náà tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Igi òfì ló já lé e nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sì jiná tààrà. Òun ni àwòrán àkọ́kọ́ tí ọ̀gá jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi yà. Nígbà tí ó gbẹ, Àṣàkẹ́ gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó títí.

Ó ní, "Ṣé bí mo ṣe rí nínú nìyí? Mo tinrín o. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n jẹun."

Ẹ̀kọ́ kejì ni òkùnkùn. Bí a bá ti ya àwòrán tán, inú yàrá kan tí ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ la máa ń gbé fíìmù lọ. Gílóòbù pupa kékeré kan péré ló wà níbẹ̀. A ó rì í sínú omi àkọ́kọ́, tó ń jẹ́ kí àwòrán yọ. A ó ṣàn án, a ó rì í sínú omi kejì, tó ń mú un dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn kí omi kejì tó ṣiṣẹ́ rẹ̀, fíìmù á dúdú pátápátá, ó tán nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ṣílẹ̀kùn náà mọ́ ọ̀gá lórí. Iṣẹ́ odindi òwúrọ̀ kan ló bàjẹ́. Ó jókòó sínú yàrá náà, ó ń wò mí.

"O ṣeun, àgbẹ̀. O ti wú iṣu kó tó ta."

Láti ọjọ́ náà la ti fi àṣà kan lélẹ̀. Ẹni tó wà níta á kan ilẹ̀kùn, á béèrè pé, "Ṣé ilẹ̀ ti mọ́?" Bí fíìmù bá ṣì wà nínú ewu, ẹni inú á ní, "Ó ku díẹ̀." Bí ó bá ti bọ́, á ní, "Ilẹ̀ ti mọ́ o." Ìgbà yẹn nìkan lèèyàn lè wọlé.

Àṣàkẹ́ náà kọ́ àṣà yìí. Bí ó bá gbé oúnjẹ ọ̀sán mi dé, èékánná ló fi ń kan ilẹ̀kùn, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà. "Bàbá Kúdí, ṣé ilẹ̀ ti mọ́?" N ó ní ó ku díẹ̀. Á ní, "Ẹ má kánjú. Ọbẹ̀ ò ní sá." Á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa bá àwọn aláìsàn tàkúrọ̀sọ títí ilẹ̀ á fi mọ́ fún mi.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni òjé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ìtànṣán ẹ̀rọ yìí ń pa ènìyàn lára díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri la máa ń dúró sí láti tẹ bọ́tìnnì. Alóyún kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà rárá. Bí ọmọdé kò bá lè dúró jẹ́ẹ́, ẹbí rẹ̀ kan á dì í mú lórí tábìlì, a ó sì fún ẹni náà ní ẹ̀wù òjé àti ìbọ̀wọ́ òjé, tí ìtànṣán kì í là kọjá. Bí ìbọ̀wọ́ náà bá wọnú fíìmù, funfun báláú ló máa ń hàn. Ènìyàn kì í rí egungun kankan nínú rẹ̀.

Nígbà òjò, Àṣàkẹ́ kú. Ibà ni. Kò pẹ́ lórí àìsàn. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Kúdí lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Èmi ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀. Nígbà tí ọkà bàbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lóko, mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo fẹ́ padà sí Agọ́-Àmọ̀dù. Mo ti di ẹrù mi.

Ó wò mí. Ó ní, "Fíìmù ti fẹ́ẹ̀ tán, mo ń lọ gbé òmíràn wá ní Ìbàdàn. Bá mi ṣọ́ ibí yìí títí n ó fi dé. Bí mo bá dé tí o ṣì fẹ́ lọ, èmi fúnra mi ni n ó bá ọ ru ẹrù dé gáréèjì."

Ọjọ́ kejì tó lọ ni wọ́n gbé Sìkírà dé láti Ọ̀fíkì, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ó ti gbé yẹtí rẹ̀ kan mì, èyí tó rí pẹrẹsẹ bí kọ́bọ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì, èémí rẹ̀ sì ń dún bí fèrè. Ìyá rẹ̀ gbé e dání lórí oyún tó ti ga dé àyà.

Dókítà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá Kúdí, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀nà oúnjẹ ló wà tàbí ọ̀nà èémí. Bí mo bá ṣi ibẹ̀ mú, màá tì í wọlé, ọmọ yẹn á kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìbàdàn jìnnà. Ẹ ya àwòrán kan ṣoṣo tó mọ́ fún mi."

Fíìmù méjì ló kù nínú páálí.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń gbẹ̀bí lọ́wọ́. Ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ wọlé. Èmi ni mo máa tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn ògiri. Dókítà ti lọ se irin tó máa fi fa yẹtí náà jáde. Kò sí ẹni tó máa dì í mú. Mo fi gèlè ìyá rẹ̀ wé e mọ́ tábìlì, mo rọra bá a sọ̀rọ̀, mo sá lọ sẹ́yìn ògiri. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ó ja ara rẹ̀ gbà. Mo fọ fíìmù náà. Gbogbo rẹ̀ rí bí èéfín. Kò wúlò.

Ó ku ẹyọ kan.

Mo tún un tò. Ó ń sunkún láìsí ohùn, ó ń ta ẹsẹ̀. Mo padà sẹ́yìn ògiri, mo wo ojú dígí kékeré tó wà níbẹ̀. Mo ní, "Sìkírà, jọ̀ọ́." N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ.

Ẹ gbà mí gbọ́, ọmọ náà dákẹ́.

Ó dúró jẹ́ẹ́. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ní ọwọ́ òsì, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó sì tẹjú mọ́ ibẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń pàlọ́ fún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Èjìká rẹ̀ rọ̀. N kò dúró rò ó. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo wọ yàrá òkùnkùn, mo sì ti ìdè ilẹ̀kùn.

Mo rì í sínú omi àkọ́kọ́. Mo ń fi ìka mi mì í díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ iná pupa, àwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ bí òjìji nínú kùrukùru, n kò tíì lè mọ orí yàtọ̀ sí ìdí.

Ìgbà náà ni òórùn aró gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Ẹni tó bá ti dúró ti omi àwòrán rí mọ̀ pé kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ òórùn mìíràn. Síbẹ̀ aró ni mo gbọ́, aró tútù, bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ èékánná lára ilẹ̀kùn. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

"Bàbá Kúdí."

Ọwọ́ mi dúró nínú omi.

"Ṣé ilẹ̀ ti mọ́?"

Ohùn rẹ̀ ni. Bí ènìyàn bá bá obìnrin gbé títí ọmọ wọn fi tó rán níṣẹ́, kò sí ẹni tó lè fi ohùn rẹ̀ tàn án. Gbogbo irun ara mi dìde. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Inú mi dùn.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà há sí. Bí mo bá ní ilẹ̀ ti mọ́, yóò wọlé. N ó rí i. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ yóò bá a wọlé, fíìmù ìkẹyìn yóò dúdú, dókítà yóò sì ki irin bọ ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ láìmọ ibi tó ń lọ. Bí mo bá ní ó ku díẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá yóò dúró? Kò dúró dè mí nígbà òjò.

Ọwọ́ mi tó gbẹ ti wà lórí ìdè ilẹ̀kùn. N kò mọ ìgbà tó débẹ̀.

Níta, lórí bẹ́ǹṣì, Sìkírà húkọ́. Ikọ́ tín-ín-rín bí ti ọmọ ewúrẹ́.

Mo mú ọwọ́ mi kúrò.

Mo ní, "Ó ku díẹ̀, Àṣàkẹ́."

Mo tẹ́tí sí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má kánjú."

Kò mẹ́nu ba ọbẹ̀.

Mo ṣan fíìmù náà. Mo rì í sínú omi kejì. N kò tíì rí omi tó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ń sunkún, n kò sì jẹ́ kó dún, nítorí n kò fẹ́ kí ó gbọ́ kó rò pé mo bínú. Òórùn aró ṣì wà níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di fíìmù mú kí n má baà tún kan ìdè náà.

Nígbà tí ó pé, mo nu ojú mi. Mo ní, "Ilẹ̀ ti mọ́ o. Wọlé."

Mo ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ nà sílẹ̀ gbọọrọ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Sìkírà jókòó sí ibi tí mo fi í sí.

Mo ní, "Ta ló kan ilẹ̀kùn yìí?"

Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò kọjá níbí, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí i?"

Ọmọ rẹ̀ kò wo èmi rárá. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò, ó sì ń juwọ́ síbẹ̀, bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣe sí ẹni tó ń lọ sílé.

Mo gbé fíìmù tútù lọ bá dókítà. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Yẹtí náà hàn kedere, roboto, ó dojú kọ wá bí òṣùpá kékeré; bó bá jẹ́ ọ̀nà èémí ló wà ni, ẹ̀gbẹ́ ni ìbá kọ sí wa.

"Ọ̀nà oúnjẹ ni. Ọlọ́run, o ṣé." Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú fíìmù náà súnmọ́ ojú, ó sì le mọ́ mi. "Ta ló di ọmọ yìí mú?"

Mo ní, "Kò sẹ́nìkan, sà."

"Bàbá Kúdí, kí ni mò ń wò yìí?"

Ọwọ́ kan wà lórí èjìká ọmọ náà. Egungun ọwọ́ àgbàlagbà, ó tinrín, ó tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí èyí tó yọrí sóde. Mo rí ọ̀lẹ tó sá pamọ́ sẹ́yìn. Mo rí ìyá mi tó gbé gbogbo wọn dání. Ìka tó kéré jù tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Dókítà ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ ò ní gbọ́ràn! Ìbọ̀wọ́ òjé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wá jẹ́ kí obìnrin olóbìnrin fi ọwọ́ lásán di ọmọ mú. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe igi. Nígbà mìíràn, ẹ fún un ní ìbọ̀wọ́."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà."

Ó fa yẹtí náà jáde kí oòrùn tó wọ̀. Sìkírà pariwo débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ìyá rẹ̀ sì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọ̀gá mi dé láti Ìbàdàn, mo fi fíìmù náà hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó béèrè bóyá mo ṣèèṣì lo fíìmù tí a ti fi ya ọwọ́ Àṣàkẹ́ rí. Ṣùgbọ́n fíìmù ọwọ́ Àṣàkẹ́ wà nínú àpótí mi nílé, a ti fọ̀ ọ́, ó sì ti gbẹ. Títẹ́ ló tẹ́ ọwọ́ nínú ìyẹn. Nínú èyí, dídì ló di ọmọ mú. Ọ̀gá dá fíìmù náà padà fún mi. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dá wọ yàrá òkùnkùn mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

N kò gbọ́ ohùn Àṣàkẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọdé tó ń yọ mí lẹ́nu lórí tábìlì bá ṣàdéédéé dákẹ́, n kì í wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo máa ń tẹ bọ́tìnnì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ̀kọ́ tí wọn kì í kọ́ni ní Ìbàdàn rèé. Ọjọ́ kan lè dé tí ẹ ó wà nínú òkùnkùn, tí ẹni tí ọkàn yín ń fà sí, tí ẹ mọ̀ pé kò sí láyé mọ́, yóò kan ilẹ̀kùn. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ẹ má sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí kò tíì mọ́. N kò mọ ohun tí ìbá bá ìmọ́lẹ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, bí mo bá ṣílẹ̀kùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n fa yẹtí Sìkírà jáde, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ọ̀gá tó dé, mo tú ẹrù tí mo ti dì. Mo lọ síbi iṣẹ́. Mo yọ ìbọ̀wọ́ òjé nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo nu eruku ara rẹ̀, mo kan ìṣó kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ní ọwọ́ òsì. N kò kàn án síbi tí ọwọ́ èmi tó. Mo kàn án sísàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí ọwọ́ obìnrin tí kò ga yóò tó láìnà, mo sì fi ìbọ̀wọ́ náà kọ́ ọ.